Tẹ̀súbáà tó ń tàn lóru: kì í ṣe àlùjọ̀nnú, kì í sì í ṣe iná

   Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló délẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ NEPA o. Ìyẹn ti sú gbogbo ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ NEPA fúnra rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé ìjọba láti ọdún 2005, tí ẹnu ará Èkó ò sì tíì gbà láti gbàgbé rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí kò ní òwú, tí kò mu kẹrosíìnì, tí kò sì gbóná lọ́wọ́ ni.

Ta ni kò tíì rí tẹ̀súbáà funfun tí àwọn alálàájì ń mú bọ̀ láti Mẹ́kà, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti pa iná báyìí, ńṣe ni gbogbo kóró rẹ̀ á máa tàn bí ojú ológbò? Àwọn ìjọ Àgùdà náà ní rósárì irú rẹ̀. Àwọn ọmọdé ní ìràwọ̀ oníke tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òkè àjà. Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa rẹ̀ pọ̀ jaburata. Ẹnì kan á ní àdúrà tí wọ́n gbà sí i ló ń tàn. Ẹlòmíràn á ní àlùjọ̀nnú ni, kí wọ́n má gbé e sùn ti ọmọ tuntun. Ẹni tó kàwé díẹ̀ á ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni, pé májèlé ni, kí wọ́n sọ ọ́ nù kíá. Kò sí ọ̀kan tó gbà á níbẹ̀.

Ìyẹ̀fun kan ni wọ́n pò mọ́ ike náà nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́. Láyé àtijọ́, sínńkì tí wọ́n fi ń bo páànù ilé ni wọ́n á pò pọ̀ mọ́ imí ọjọ́, wọ́n á fi bàbà tín-ín-tìn-ìn-tín sí i, wọ́n á sì yan án nínú iná. Ní 1993, àwọn ará Japan ní iléeṣẹ́ Nemoto rí òmíràn tó dára ju ìyẹn lọ fíìfíì, strontium aluminate ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì fi èròjà europium àti dysprosium díẹ̀ sí i. Ti àtijọ́ kì í pẹ́ kó tó kú. Ti ìsinsìnyí lè tàn di ìdájí.

Bí ìyẹ̀fun yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ti alájọ. Ṣebí Ṣómólú kò jìnnà sí Ketu, gbogbo èèyàn ló mọ òkìkí Alájọ Ṣómólú. Lójúmọmọ, ìyẹ̀fun náà ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn tàbí ti gílóòbù ní díẹ̀díẹ̀, ó ń kó o pamọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kì í san án padà lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ náà ló ń dá a padà. Bí ẹ bá ti tẹ̀súbáà náà mọ́ inú àpótí fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹ wá yọ ọ́ lóru, kò ní tàn. Ẹ ò dá nǹkan kan, kí lẹ fẹ́ kó? Ẹ gbé e sábẹ́ iná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ó rí i bó ṣe máa jí.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò lálẹ́ òní, kó wá ìràwọ̀ oníke méjì, kó fi iná tọ́ọ̀ṣì yan àwọn méjèèjì bákan náà, kó wá ju ọ̀kan sínú omi tútù oníyìnyín, kó ju èkejì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Èyí tó wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á mọ́lẹ̀ ju ìkejì lọ, àmọ́ òun ló máa kọ́kọ́ kú. Ooru ló mú kí gbogbo àwọn tó dájọ sáré wá gba owó wọn lójú kan náà.

ARÁNBÀTÀ LÓ KỌ́KỌ́ RÍ I

Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nílẹ̀ òyìnbó. Aránbàtà ni, ṣúmékà bíi ti abẹ́ bíríìjì Ketu. Vincenzo Casciarolo lorúkọ rẹ̀, ìlú Bologna ní Ítálì ló ń gbé, nǹkan bí ọdún 1602 sí 1603. Bàtà ló ń rán lójú ayé, àmọ́ nínú yàrá ó ń wá bí òun á ṣe sọ òkúta di wúrà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ṣebí àwọn tó ń kó owó fún gbájúẹ̀ pé kó bá àwọn sọ ọ́ di púpọ̀ ṣì wà ní Èkó yìí.

Ó rí òkúta kan ní òkè Paderno lẹ́bàá ìlú náà, òkúta tó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Ó ní ohun tó bá wúwo báyìí, wúrà ò ní jìnnà sí i. Ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó kó o sínú èédú, ó fínná mọ́ ọn. Wúrà kò jáde. Àmọ́ nígbà tó gbé òkúta tó ti rí oòrùn wọ inú òkùnkùn, ńṣe ló pọ́n ròrò bí ẹyín iná, kò sì gbóná. Òkìkí òkúta Bologna kàn dé ọ̀dọ̀ Galileo, gbogbo ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ló ń jiyàn lé e lórí. Ó sì gbà tó irínwó ọdún kí àwọn onímọ̀ kan láti Finland tó sọ ní 2012 pé bàbà díẹ̀ tó fara pamọ́ sínú òkúta náà ló ń fa ìmọ́lẹ̀. Irínwó ọdún, lórí iṣẹ́ aránbàtà!

Òkúta yẹn wà ní Nàìjíríà. Barite ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń wà á ní Azara ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, ó wà ní Benue, ní Taraba àti ní Cross River. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo rọ̀bì ló ń lò ó jù lọ nítorí ìwúwo rẹ̀. Àmọ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan má gbọ́ èyí kó lọ yan án lẹ́yìnkùlé o. Ohun tó máa ń kù lẹ́yìn yíyan, májèlé ni bó bá dé inú, bí ásíìdì bátìrì bá sì ta sí i, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ló máa jáde, gáàsì yẹn a sì máa pani.

IBI TÍ IYÁN ỌJÀ WÀ

Èyí tó rọrùn láti fi ṣe àdánwò nílé ni iná kékeré aláwọ̀ àlùkò tí àwọn oní-POS fi ń yẹ owó wò. Púpọ̀ nínú ìtànṣán tó wà nínú rẹ̀ ni ojú èèyàn kì í rí. Ultraviolet ni wọ́n ń pè é, oòrùn náà ní i. Kí ẹnikẹ́ni má tàn án sójú ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹjú mọ́ ọn. Ohun tó bá ń tàn lábẹ́ iná yìí kì í dájọ bíi ti tẹ̀súbáà. Owó lọ́wọ́, ọjà lọ́wọ́ ni tirẹ̀: bí iná bá kúrò, ìmọ́lẹ̀ parí.

Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tàn án sára náírà. Báńkì àpapọ̀, CBN, ti sọ ọ́ fún aráàlú pé nọ́ńbà dúdú tó wà lára owó bébà máa ń di àwọ̀ ewé lábẹ́ iná yìí. Bébà owó fúnra rẹ̀ kì í tàn. Ẹ wá tàn án sára bébà funfun inú ìwé ọmọ iléèwé, ẹ ó rí i tó máa mọ́ yòò bí ẹni pé wọ́n fi aró búlúù rẹ́ ẹ.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bí ẹnì kan bá gbàgbé owó sínú àpò ṣòkòtò, tí ìyàwó fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́ mọ́ ṣòkòtò, owó gidi yẹn náà á máa tàn yòò bíi bébà lásán.

“Bọ̀dá, owó yín yìí ò dáa o, ẹ gbà á padà.”

“Ìyá, kí lẹ ń wí? Báńkì ni mo ti gbà á láàárọ̀ yìí!”

“Báńkì kọ́, bọ̀nkẹ́lẹ́ ni. Ẹ gba owó yín, ẹ jẹ́ n rí ọ̀nà.”

Kí wọ́n tó máa wọ ara wọn láṣọ, kí ọlọ́jà wo nọ́ńbà rẹ̀ bóyá ó di àwọ̀ ewé, kó fọwọ́ pa ojú owó náà bóyá ó háun díẹ̀, kó gbé e sókè kó wo okùn tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ò tó láti pe ọmọ ọlọ́mọ ní gbájúẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ oníyẹ̀fun ló ń fi èròjà kan sínú rẹ̀ tó ń gba ìtànṣán tí ojú ò rí, tó ń sọ ọ́ di búlúù tí ojú ń rí. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀wù funfun dà bí ẹni pé ó funfun ju funfun lọ nínú oòrùn. Kò bọ́ ìdọ̀tí kankan kúrò, ojú ló ń tàn jẹ.

Ẹ̀yin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ Ikosi, ẹ̀yin ló kàn. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan ní Innsbruck ní Austria kéde pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n máa ń tàn búlúù lábẹ́ iná yìí, tí dúdú rẹ̀ tí kò tíì pọ́n kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ewé tó ń kú lọ lára èèpo rẹ̀ ló ń di ohun tó ń tàn. Látìgbà tí aráyé ti ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i, àfi ìgbà yẹn! Kí oníbàárà má wá gbé iná dé ìsọ̀ kó ní òun fẹ́ fi mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi káábáìdì pọ́n o. Kò wà fún ìyẹn. Omi tonic kíkorò tí wọ́n ń tà nínú ìgò náà á tàn búlúù nítorí kunínì tó wà nínú rẹ̀, kunínì ibà ayé àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀pà lọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó pa wọ́n. Wọ́n wá kiri títí wọ́n fi dé ìdí oúnjẹ wọn: ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti Brazil, tó ti bu. Ohun tó hù lára ẹ̀pà náà ló ń pèsè májèlé kan tí wọ́n sọ ní aflatoxin. Nígbà tí wọ́n yọ májèlé náà jáde tí wọ́n gbé e sábẹ́ iná yìí, apá kan tàn búlúù, apá kan tàn bí àwọ̀ ewé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe ọ̀kan ní B tí wọ́n pe èkejì ní G títí di òní. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé yìí ń bá jà. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lè fi kó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ẹni tó bá jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lè kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní Kenya ní 2004, àgbàdo tó bu ṣe èèyàn 317, 125 nínú wọn ló kú.

Àwọn tó ń ra àgbàdo nílẹ̀ Amẹ́ríkà a máa fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n a tan iná ultraviolet sí i. Bí ó bá yọ àwọ̀ ewé mọ́ ìyeyè tó ń dán, wọ́n á gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á gbé e lọ sílé àyẹ̀wò. Ẹ fetí sílẹ̀ níbí dáadáa: ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í ṣe májèlé náà gan-an, nǹkan mìíràn tí ohun tó bu ọkà ń ṣe ló ń tàn. Ọkà lè tàn kó má ní májèlé tó pọ̀. Ó tún lè ní in kó má tàn rárá, ibẹ̀ ló sì ti léwu. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ra iná POS kó wá máa bura fún oníbàárà pé ẹ̀pà òun mọ́. Ọwọ́ àti ojú àwọn ìyá ṣì ni irinṣẹ́ tó dára jù nínú ọjà: kí wọ́n ṣa èyí tó ti yí àwọ̀ padà, èyí tó rún, èyí tó fọ́ àti èyí tó ní funfun tàbí àwọ̀ ewé lára kúrò, kí ìyókù gbẹ dáadáa, kí àpò má jókòó lórí ilẹ̀ tútù. Èyí tí wọ́n ṣà kúrò wá ńkọ́? Bí wọ́n bá tà á fún oníkúlíkúlí ní ẹ̀dínwó, tàbí fún ẹni tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ, májèlé náà kàn yí ọ̀nà gbà wọlé ni. Yíyan àti díndín ò sì lè pa gbogbo rẹ̀. Àwọn IITA ní Ibadan ti ṣe nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko kí èyí tí kò ní májèlé lè gba ilẹ̀ mọ́ onímájèlé lọ́wọ́. Oko ni ìyẹn ti ń ṣiṣẹ́ o, kì í ṣe inú ìsọ̀.

WẸ́DÀ, Ẹ WO ÒKÚTA YÍN

Ìyẹ̀fun yìí ló ṣe tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ibadan ní 31 October 1959, àwọn tó jókòó síwájú àpótí rò pé àwòrán ni wọ́n ń wò, ìyẹ̀fun tó wà lẹ́yìn gíláàsì ni wọ́n ń wò tó ń tàn tó ń kú. Iná fulọ́rẹ́sẹ́ńtì gígùn náà, ìyẹ̀fun funfun inú rẹ̀ ló ń mọ́lẹ̀. Mẹ́kúrì tó di oru nínú ọ̀pá náà ń pèsè ultraviolet, ìyẹ̀fun á gbà á, á sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí. Òkúta LED inú ríchájì tí àwọn ìyá fi ń tajà lálẹ́ ńkọ́? Ẹ pa á, kí ẹ wo ojú rẹ̀: àmì ìyeyè kékeré lẹ máa rí. Búlúù ni iná tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun ìyeyè yẹn ló ń pò mọ́ búlúù tó fi ń di funfun. (Ẹ̀wù LASTMA tó ń dán lóru kò sí lára wọn o, kò tàn fúnra rẹ̀, iná mọ́tò ló ń dá padà sójú onímọ́tò.)

Ọkùnrin tó mú LED búlúù tó mọ́lẹ̀ gidi jáde ní Japan ní 1993, Shuji Nakamura, òṣìṣẹ́ ni lábẹ́ ilé iṣẹ́ kan. Owó tí ọ̀gá fi dá a lọ́lá kò ju 20,000 yen lọ, tí kò tó 200 dọ́là. Ó pẹjọ́. Ní 2005 wọ́n parí rẹ̀ sí nǹkan bí 840 mílíọ̀nù yen, ní 2014 òun àti àwọn méjì mìíràn, Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano, sì gba ẹ̀bùn Nobel. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ má fi èyí bá ọ̀gá yín jà o.

Ẹni tó yẹ kí wọ́n ṣàánú ni Oleg Losev. Ọmọ Rọ́ṣíà ni, wọ́n bí i ní 1903, kò lọ sí yunifásítì, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe ní ilé ìwádìí rédíò. Òun àti Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Round, tó ti rí i ṣáájú rẹ̀ ní 1907, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé bí iná bátìrì bá gba ara òkúta carborundum kọjá, ibi tí abẹ́rẹ́ ti kàn án á tàn. Carborundum yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe òkúta tí wẹ́dà fi ń lọ irin àti bébà tí káfíńtà fi ń dán igi. Atúnredíò-ṣe tó bá rí ègé rẹ̀ tó ń dán bíi gíláàsì dúdú lè fi bátìrì 9 fóòtì sí 12 fóòtì àti abẹ́rẹ́ dán an wò nínú òkùnkùn biribiri, kó máa ṣún abẹ́rẹ́ kiri títí á fi rí ìmọ́lẹ̀ tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ náà lọ. Bátìrì ni o, kì í ṣe iná ilé. Losev kọ ìwé lórí rẹ̀, ó sọ pé ọjọ́ iwájú wà fún ìmọ́lẹ̀ yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ò kà á sí. Ebi ló pa á ní 1942 nígbà tí àwọn Jámánì dó ti ìlú Leningrad.

Ọmọ Faransé kan, Georges Destriau, tún ṣe tirẹ̀ ní 1936: ó po ìyẹ̀fun sínńkì mọ́ epo lárà, ó fi iná mọ̀nàmọ́ná oníyípadà gbà á kọjá, ó tàn. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi sẹ́yìn ojú aago Indiglo ní 1992. Àmọ́ iná tó ń fẹ́ lágbára tó láti pani, kí ọmọdé má dán ìyẹn wò nílé.

ÈYÍ TÓ Ń TÀN TÓ SÌ Ń PANI

Láti 1917, iléeṣẹ́ US Radium Corporation ní ìlú Orange, New Jersey, ní Amẹ́ríkà, ń gba àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin síṣẹ́ láti máa kun ojú aago tó ń tàn lóru. Ìyẹ̀fun sínńkì yẹn náà ni, àmọ́ dípò kó dúró de oòrùn, wọ́n po rédíọ́ọ̀mù mọ́ ọn, èyí tó ń tì í ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n máa fi ètè ṣe ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ní ṣóńṣó, wọ́n ní kò léwu. Àwọn ọmọge náà ń fi kun èékánná, wọ́n ń fi kun eyín kí wọ́n lè fi dẹ́rù ba ọ̀rẹ́kùnrin. Kò pẹ́ tí eyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, tí egungun àgbọ̀n ń jẹrà. Grace Fryer àti àwọn mẹ́rin mìíràn pẹjọ́ ní 1927, wọ́n parí rẹ̀ ní June 1928 sí $10,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan àti $600 lọ́dọọdún. Ọ̀gá tó dá ọ̀dà náà sílẹ̀, Sabin von Sochocky, òun náà kú lọ́dún yẹn. Ẹ̀yin tó ń tún aago ṣe, aago bàbá-bàbá tí ọ̀dà ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ìpẹtà tí kò tàn mọ́, ìyẹ̀fun ló kú, rédíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ wà láàyè. Ó máa ń gbà á ní nǹkan bí 1,600 ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ẹ má há a, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ.

Ti Goiânia ní Brazil burú jù. Ní September 1987, àwọn ọkùnrin méjì tó ń wá irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù wọ inú ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ti pa tì. Wọ́n rí ẹ̀rọ ńlá, wọ́n tú u, wọ́n fi bárò gbé orí rẹ̀ lọ sílé, wọ́n tà á fún ẹni tó ń ra irin. Lóru, oníbàárà yìí rí i pé ìmọ́lẹ̀ búlúù ń yọ láti inú ihò rẹ̀. Ẹnu yà á, ó ní ohun iyebíye ni, ó pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ wá wò ó, ó bù ú fún wọn bíi kóró ìrẹsì. Arákùnrin rẹ̀ kan gbé díẹ̀ relé. Ọmọbìnrin ọdún 6 rẹ̀ fi para kí ara òun lè máa dán, ó sì fi ọwọ́ yẹn jẹun. Kì í ṣe ìyẹ̀fun aláàbò kankan: caesium tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ ni. Ìyàwó oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù náà ló fura nígbà tí gbogbo ilé ń bì, ló gbé e sínú àpò, ló wọ bọ́ọ̀sì lọ bá àwọn elétò ìlera. Ọgbọ́n obìnrin yẹn ló gba ìlú là, àmọ́ òun àti ọmọ náà kú lọ́jọ́ kan náà ní October. Àwọn méjì tó ń ṣiṣẹ́ níbi irin náà tẹ̀lé wọn. Èèyàn tó lé ní 100,000 ni wọ́n yẹ̀ wò, 249 nínú wọn ló ní in lára tàbí nínú ara.

Ẹni tó bá ní Brazil jìnnà, kó gbọ́ èyí. Ní 2002, wọ́n jí irú ohun olóró bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń yẹ kànga epo wò ń lò ní Niger Delta. Ní 2003 wọ́n rí i ní Jámánì, láàárín irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí wọ́n kó láti Nàìjíríà lọ síbẹ̀. Ta ló mọ iye ọwọ́ tó gbà kọjá? Ohun irin tó wúwo bí òjé, tó ní àmì bíi fáànù onílápá mẹ́ta dúdú lórí ìyeyè, kí ẹni tó ń ra irin ní Ketu tàbí Ojota má fi òòlù kàn án. Kó sún èèyàn sẹ́yìn, kó pe ọlọ́pàá, kí wọ́n bá a ké sí àwọn NNRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Kosofe ni ọ̀pá fulọ́rẹ́sẹ́ńtì àti gíláàsì tẹlifíṣọ̀n. Láti nǹkan bí 1992 ni wọ́n ti ń da ìdọ̀tí sí ààtàn Olusosun ní Ojota, tí iná ńlá jó ní March 2018, àwọn tó ń ṣa nǹkan níbẹ̀ sì ń fọ́ tẹlifíṣọ̀n nítorí bàbà inú rẹ̀. Òjé wà nínú gíláàsì yẹn. Ìyẹ̀fun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe àtíkè. Àwọn ọmọ kéékèèké sì fẹ́ràn láti máa fi ọ̀pá fulọ́rẹ́sẹ́ńtì tó ti kú ja idà, kí wọ́n lè gbọ́ ìró rẹ̀ bó bá fọ́. Mẹ́kúrì inú rẹ̀ kò pọ̀, mìlígíráàmù díẹ̀ ni, àmọ́ mẹ́kúrì tí NAFDAC kò fẹ́ nínú ọṣẹ àti ìpara ni, imú ló sì ń gbà wọlé.

Bí ọ̀kan bá fọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, kí gbogbo èèyàn jáde, kí wọ́n ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí wọ́n pa fáànù, kí wọ́n dúró níta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Kí wọ́n má fi ìgbálẹ̀ gbá a, ńṣe ni ìyẹn á fẹ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ sókè. Páálí líle méjì ni kí wọ́n fi kó gíláàsì, kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ ìyẹ̀fun tó kù kúrò nílẹ̀, kí wọ́n fi àkísà tútù nù ún, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò oníderí tàbí ọ̀rá méjì tí wọ́n dì pinpin. Kí ẹni tó kó o fọ ọwọ́ kó tó gbé ọmọ.